A Ń Fi Kóńgò Wọn Gàrí, Ta Ló Ń Wọn Ọjà?

Kò sí ohun tí wọn kì í wọ̀n ní Ọjà Ọba Òṣogbo. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn gàrí àti ẹ̀wà, igò ni wọ́n fi ń wọn epo. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń ṣàkóso ọjà pé èèyàn mélòó ló wọlé lánàá, àgbẹ̀ mélòó ló gbé irè oko wá, agbọ̀n tòmátì mélòó ló bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wò ó bóyá ẹ ó gbọ́ ju "èrò pọ̀" tàbí "ọjà ò yá" lọ.

Ohun tí à ń sọ ni pé kí a kọ́ àwọn ìyálọ́jà, àwọn bàbálọ́jà àti olórí ẹgbẹ́ aláta, oníṣu àti ẹlẹ́ran bí wọ́n ṣe lè ka ọjà wọn, kí ìjọba tó tún ná kọ́bọ̀ sórí ṣọ́ọ̀bù tuntun. Ìwé òfin ọdún 1999 fi ìdásílẹ̀ àti àbójútó ọjà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nínú gbogbo àbójútó náà, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ni ọlọ́jà mọ̀ jù. Onítíkẹ́ẹ̀tì mọ iye tó gbà. Kò mọ iye tí ìyá aláta tà. Bí a bá wá kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbi tí ẹsẹ̀ oníbàárà kì í dé, etí títì ni ìyá aláta yóò padà sí. Ẹni tó bá ka ẹsẹ̀ kó tó po sìmẹ́ńtì ì bá ti mọ̀.

Àwọn kan á ní àwọn ìyá wa ò kàwé. Ẹ gbọ́ ná: ta ló kọ́ alájọ ní ìṣirò? Ta ló kọ́ àwọn Òṣómàáló, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n mọ ẹni tó jẹ wọ́n, iye tó jẹ àti ọjọ́ tó dá, tí wọn ò sì ní dìde lórí ìṣó títí owó yóò fi pé? Ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1940, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà. Àwọn obìnrin ọjà yìí náà ló gbógun ti owó orí obìnrin títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ ní 1949. Ẹ má fojú di ìyá ọlọ́jà.

Iṣẹ́ náà kò sì le. Ní Amẹ́ríkà, Oregon State University kọ́ àwọn alákòóso ọjà àgbẹ̀ láti máa ka àwọn tó ń wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ìlọ́po. Àwọn oníbàárà náà á lẹ bébà kékeré mọ́ pátákó láti dáhùn ìbéèrè. Tiwa ò gba pátákó. Ẹ fi ọmọ kan sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan; bí èèyàn 85 bá wọlé ní ìṣẹ́jú 10, 510 ni fún wákàtí kan. Ẹ gbé igbá mẹ́ta kalẹ̀, kí oníbàárà ju òkúta wẹ́wẹ́ sí èyí tó bá iye tó ná mu. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ ọjà, ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Lẹ́yìn ọdún kan, ìyálọ́jà á lè kojú káńsù pé, "Iye èèyàn tó ń wọlé rèé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ò tó wa." Àgbẹ̀ á sì mọ ọjọ́ tó yẹ kó kó iṣu wá.

Ẹ̀rù kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: bí ìjọba bá mọ iye wa, ṣé wọn ò ní bu owó lé owó? Ìran tó gbọ́ ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969 kò ní fi ọ̀rọ̀ owó orí ṣeré. Àmọ́ àìkà kò dá onítíkẹ́ẹ̀tì dúró rí. Ẹni tí kò ka ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò kà á, iye tó bá sì wu onítọ̀hún ni yóò pè é. Nítorí náà, ọwọ́ ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni kí ìwé òǹkà wà, ní èdè Yorùbá, kí wọ́n kà á sétí ìpàdé kí káńsù tó rí i. Bí wọ́n bá mú owó tuntun dé, ìwé yẹn ni yóò bá wọn rojọ́.

Ó wá kan àwa náà. UNIOSUN wà ní Òṣogbo, Yunifásítì Iléṣà sì ti wà láti 2022. Àwa tí a ń kọ́ òǹkà Yorùbá, tí a mọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ṣé inú gbọ̀ngàn ìdánwò nìkan la ó ti máa lò ó ni? Ẹ jẹ́ ká kọ ìwé òǹkà ọjà tí ìyá aláta lè lò. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ wà ní káńsù, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa. Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ká bẹ̀rẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà Atákúnmọ́sà.