Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ yàn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ mọ̀ pé nínú agboolé wa, kì í ṣe ọjọ́ orí ni a fi ń mọ ìyálé. Obìnrin tí ó kọ́kọ́ wọlé ọkọ ni ìyálé, bí ìyàwó tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ tilẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Irú òfin yìí ni àwọn awakọ̀ òfurufú ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ibẹ̀, bíi Delta àti United, orúkọ gbogbo awakọ̀ wà nínú ìwé kan. Ọjọ́ tí awakọ̀ wọ iṣẹ́ ni a fi ń fún un ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yìí ni a ń wò kí ó tó mọ irú ọkọ̀ tí yóò wà, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, àti ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí àyè bá ṣí ní Atlanta, ẹni tí ó pẹ́ jù nínú àwọn tí ó fẹ́ ẹ ni yóò gbà á. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò mú ibi tí àgbà kò fẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, New York ni, nítorí ilé gbígbé wọ́n níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ogún ọdún, tí ó wá lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, ìsàlẹ̀ ìwé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, bí obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ fẹ́ ọkọ mìíràn. (Ẹni tí ìyálé rẹ̀ le mọ ohun tí mò ń sọ.) Ọmọ ọdún 65 ni òfin ní kí awakọ̀ àwọn ọkọ̀ èrò wọ̀nyí fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí àgbà bá ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ọmọdé ń sún sókè.

Àwọn kan ní òfin yìí kò dára, pé ẹni tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yan ìlú. Èmi kò gbà. Ta ni yóò wọn ìnira ẹnì kan mọ́ ti ẹnì kejì? Ọ̀gá ni. Ibẹ̀ sì ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ojúsàájú yóò gbà wọlé. Ẹnikẹ́ni kò lè fi owó ra ọjọ́ tí ó wọ iṣẹ́.

Ohun tí ó ń dùn mí ni ẹrù tí ó wà lórí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò lè kó ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ lọ sí ìlú iṣẹ́. Wọn a wọ ọkọ̀ òfurufú bí èrò lọ síbi iṣẹ́, wọn a sì dáwó jọ háyà yàrá tí ènìyàn púpọ̀ ń sùn sí.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009, ọkọ̀ Colgan Air tí ó ń ti Newark bọ̀ já lulẹ̀ nítòsí Buffalo. Ènìyàn 50 ni ó kú. Ìtòsí Seattle, ní òdìkejì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni igbákejì awakọ̀ ń gbé. Òru ni ó fi rìn kí ó tó dé ibi iṣẹ́. Àwọn olùwádìí ní àṣìṣe ọ̀gá awakọ̀ ni ó fa jàǹbá náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó jọ pé ó ti rẹ àwọn méjèèjì.

Nítorí náà, kí ìwé orúkọ dúró bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n kí ilé iṣẹ́ san owó ibùsùn fún awakọ̀ tí ilé rẹ̀ jìnnà, ní alẹ́ tí ó ṣáájú iṣẹ́. Kí wọ́n kà á mọ́ owó epo ọkọ̀.