Ẹ Má Ṣe Sọ Pé Pápá Yín Tẹ́jú

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìyànà Ọ̀fà àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo,

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé ẹni tí ó ń dáko sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè nìkan ni ọ̀ràn àgbàrá kàn. Lójú tiwa, èrò yìí ń ba ilẹ̀ jẹ́, pàápàá pápá tí ẹran ti jẹ koríko rẹ̀ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní àwọn ọdún 1970, Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀, wọn àgbàrá ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn. Ilẹ̀ oko tí a ro láìgbin nǹkan sí ni ó lò, ṣùgbọ́n pápá tí kò ní koríko mọ́ kò sàn jù ú lọ lójú òjò. Níbi tí ilẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 1 rẹlẹ̀ nínú ẹsẹ̀ bàtà 100, àti níbi tí ó fi 15 rẹlẹ̀, omi tí ó ṣàn lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún òjò. Erùpẹ̀ tí omi náà kó lọ ni kò dọ́gba. Lórí hẹ́kítà kan, ibi tí ó fi 1 rẹlẹ̀ pàdánù nǹkan bí tọ́ọ̀nù 11 lọ́dún. Ibi tí ó fi 5 rẹlẹ̀ pàdánù ju 150 lọ.

Kí ni ìdí rẹ̀? Bí òjò bá ń lu ilẹ̀ tí ó wà níhòòhò, erùpẹ̀ kíkúnná a dí ihò ilẹ̀, ojú rẹ̀ a sì dì bí ògiri tí a rẹ́. Pátákò màlúù a tún tẹ̀ ẹ́ le. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè mu omi, ìbáà tẹ́jú bí ẹní. Ṣùgbọ́n níbi tí koríko bá bo ilẹ̀, ekòló a máa lu ú, omi a sì máa rí ọ̀nà wọlé.

Nítorí náà, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò ní dáná sun pápá, àti pé a ó kó ẹran kúrò kí koríko tó tán nílẹ̀. Ibi tí ó dagẹ̀rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò, nítorí ibẹ̀ ni erùpẹ̀ ti ń lọ jù. A mọ̀ pé èyí yóò nira fún ẹni tí ẹran rẹ̀ ń wá oúnjẹ ní oṣù kejì àti ìkẹta. Síbẹ̀, koríko tí a dá sí yóò tún hù. Erùpẹ̀ tí ó ti wọ odò kì í padà wá.

Àgbàrá òjò kò wí pé òun kò ní wó ilé. Onílé ni kò ní gbà fún un.