Ẹṣin Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà
Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ra ẹṣin a máa fẹ́ gùn ún lọ sí ọjà ní ọjọ́ kejì, kí gbogbo ìlú lè rí i. Àṣìṣe ni èyí. Ẹṣin tí ó ti ilẹ̀ Haúsá wá sí ilẹ̀ Yorùbá ti fi agbo rẹ̀ sílẹ̀. Omi, koríko àti ohùn ènìyàn ṣe àjèjì sí i. Bí ó bá ń tàpá, ẹ̀rù ni, kì í ṣe oríkunkun.

Oúnjẹ ni ewu tí ó tóbi jù. Ẹṣin kò lè bì. Bí a bá yí oúnjẹ rẹ̀ padà lójijì, inú rírun lè pa á. Kí ẹni tí ó rà á bèèrè ohun tí ó ń jẹ tẹ́lẹ̀, kí ó sì máa fi tuntun kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10. Kí ó so ó jìnnà sí igbó etí odò, nítorí eṣinṣin tí ń mu ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ a máa kó àrùn ran ẹṣin.

Ó lè gbọ́ràn ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ó tún yarí ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kí a má ṣe na ẹgba. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n gàárì nìkan ni ó lè kù sí ẹni tí ó kánjú lọ́wọ́.