Aṣọ Tí A Kò Mọ Oko Rẹ̀

Àwọn àgbà wa kò kórìíra oge. Àwọn ni wọ́n sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni wọ́n kìlọ̀ pé fáàrí àṣejù, oko olówó ní í mú ọmọ lọ; nítorí ní ayé ìwọ̀fà, ẹni tí ó yáwó a máa sìn ní oko olówó títí yóò fi rí gbèsè náà san.

Ní ìlú àgbẹ̀ bí Ọ̀fàdà láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá ra aṣọ òkè tuntun, kò sí ẹni tí í béèrè ibi tí ó ti rówó. Ará ilé mọ oko ìrẹsì rẹ̀, wọ́n sì mọ bí ìkórè ti rí. Lónìí, Mowe àti Ibafo kún fún àwọn tí wọ́n ti Èkó àti ibòmíràn wá. Aládùúgbò kò mọ iṣẹ́ aládùúgbò. Nínú fóònù ni wọ́n ti ń rí ọkọ̀ tuntun, aago wúrà àti ìdì owó ara wọn. A rí aṣọ, a kò rí oko.

Ẹni tí ó gbé àwòrán wọ̀nyí síta rò pé ọ̀wọ̀ ni òun yóò fi gbà. Ìfura ni ó sábà máa ń rí. Àpẹẹrẹ kan kò jìnnà. Ramon Abbas, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Hushpuppi, fi ọkọ̀ àti aṣọ olówó ńlá ṣe fáàrí lórí Instagram, àwọn tí ó ń tẹ̀lé e sì ju mílíọ̀nù 2 lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n mú un ní Dubai. Àwọn àwòrán rẹ̀ gan-an wà lára ohun tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà fi dá a mọ̀. Lára àwọn tí ó lù ní jìbìtì ni ẹni tí ń wá owó láti kọ́ ilé-ìwé ní Qatar. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ní Los Angeles rán an ní ẹ̀wọ̀n tí ó ju ọdún 11 lọ.

A kò sọ pé olè ni gbogbo ẹni tí ó ń fi ọrọ̀ hàn. Èyí tí ó dùn wá ni pé irú ìwà yìí ti ba àwọn olóòótọ́ lórúkọ jẹ́. Ọ̀dọ́ tí ó fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ra ọkọ̀ lónìí, ojú jìbìtì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní nǹkan sì ń ka ara rẹ̀ sí aláìríṣe, ó ń wá ọ̀nà àbùjá.

Àṣà wa kò ní kí á fi oríire pamọ́. Ẹni tí ó kọ́lé a máa pe ẹbí àti ará àdúgbò wá ṣílé. Àwọn tí wọ́n rí i nígbà tí ó ń ru bíríkì ni wọ́n ń bá a yọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, bí ọmọ bá fi ohun olówó iyebíye hàn yín nínú fóònù, ẹ má ṣe béèrè iye rẹ̀ nìkan. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí ó bí i. Ìrẹsì Ọ̀fàdà kò funfun, kò sì dán, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń du níbi àríyá, nítorí pé wọ́n mọ adùn rẹ̀.