Ilé-ẹ̀kọ́ oúnjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde: ẹ má kọ́ ọ bí ọ́fíìsì

Bí Ojúde Ọba bá ti kọjá, aṣọ àti ẹṣin la máa ń sọ. Ta ló ń sọ̀rọ̀ àwọn tó dáná? Inú mi á dùn bí ìjọba tàbí olówó kan bá kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ oúnjẹ fún wa níbí. Àmọ́ bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ ló ń bà mí lẹ́rù: yàrá tí wọ́n tì pa, ẹ̀rọ amúlétutù, sítóòfù gáàsì mẹ́rin. Ibo lẹ fẹ́ kí wọ́n ti yan gàrí níbẹ̀?

Gàrí Ìjẹ̀bú kì í kan lóòjọ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin gbọ́dọ̀ ríbi jókòó sí fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kí omi rẹ̀ sì ráyè ṣàn lọ. Yíyan rẹ̀ ń fẹ́ ààrò, agbada ńlá, òrùlé gíga tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbé ooru àti èéfín lọ. Èéfín yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ o: àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní èéfín ìdáná inú ilé pa tó mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lọ́dún 2020. Àwọn ìyá wa tó ń yan gàrí ti mọ̀ ọ́n láyà wọn kí WHO tó kà á.

Kí òrùlé náà yọ síta dáadáa nítorí òjò. Ní ti ìdánwò, kí akẹ́kọ̀ọ́ rin ewùrà, kó se ìkọ́kọrẹ́ fún igba èèyàn, lọ́jọ́ tí NEPA mú iná.