Ta Ló Bá Yín Pín Ọdún Yín Sí Mẹ́rin?

Nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwia tí àwọn tó ń ṣe áàpù fi ń ṣètò iṣẹ́ wọn, igun kan wà tí èèyàn kì í sábà yà sí. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè sọ oṣù tí ọdún iṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀, iye ọ̀sẹ̀ tó wà nínú sáà kan, àti orúkọ tí sáà náà ń jẹ́. Ẹni tí kò bá débẹ̀ á máa lo èyí tí wọ́n ti tò sí i láti ibi tí wọ́n ti ṣe é: ọdún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, wọ́n gé e ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, ó parí. Ẹ̀yin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Enugu, àti ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ gbé débẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba pípín náà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Aṣọ tí wọ́n rán sílẹ̀ láìwọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọjọ́ Ajé bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni ẹgbẹ́ IPOB, tó ń jà fún òmìnira Biafra, ti ní kí gbogbo ilẹ̀ Ìgbò máa jókòó sílé lọ́jọ́ Ajé. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi sọ pé àwọn ti dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba aráàlú, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì kò sì ṣí. Nígbà tí Peter Mbah di gómìnà ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lórí oyè tó fi kéde pé ó tó gẹ́ẹ́ ní Enugu. Ẹ wá bá mi ṣírò ohun tí ìjókòó sílé náà gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń pa á mọ́. Ọ̀sẹ̀ 13 ló wà nínú oṣù mẹ́ta. Bí ọjọ́ iṣẹ́ bá jẹ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọjọ́ 65 nìyẹn. Ẹ yọ ọjọ́ Ajé 13 kúrò, ó ku 52. Ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ, sọ́fítíwia kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó kàn ń fa ìlà aláwọ̀ mèremère rẹ̀ lọ títí dé òpin oṣù. Ẹni tó gé sáà ọlọ́sẹ̀ méjì nígbà yẹn, tó kó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá sínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ ló ní lọ́wọ́. Tí iṣẹ́ kò bá wá parí, àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa ń pè ní ọ̀lẹ.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé náà ńkọ́? Ká ní áàpù yín ló ń bá àwọn ilé-ìwé girama ṣe èsì ìdánwò. Sáà mẹ́ta ni ilé-ìwé mọ̀ láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Keje, lẹ́yìn náà ni ìsinmi gígùn. Tí ẹ bá wá ń lo oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ wo ohun tó wà láàárín oṣù Keje sí Kẹsàn-án: ìdánwò àṣekágbá wà níbẹ̀, ìsinmi wà níbẹ̀, ìwọlé ọdún tuntun náà tún wà níbẹ̀. Nǹkan mẹ́ta tí kò bára tan ni ẹ kó sínú àpótí kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé “a ó parí ojú-ewé èsì ní ìdá kẹta ọdún” lè mú un dé ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, kó sì máa yọ̀ pé òun kò pẹ́, nígbà tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ti fi ọwọ́ kọ èsì tán láti oṣù Keje. Sáà mẹ́ta ni kí ẹ gé, kí ẹ sọ wọ́n ní orúkọ tí olùkọ́ mọ̀, kí ẹ sì gé ẹ̀kẹrin, kékeré, fún ìsinmi gígùn. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ lè tú inú áàpù palẹ̀ kí ẹ tún un tò, tí ẹnikẹ́ni kò ní pariwo.

Ní ti ẹ̀yin tó ń tajà fún ìjọba, ọjọ́ tí ààrẹ fọwọ́ sí ìṣúná ni kí ẹ máa wò. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ni wọ́n fọwọ́ sí ti ọdún 2018. Ti 2019 di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún. Èwo wá ni ìdá kìíní ọdún níbẹ̀?

Àwọn kan á ní ọdún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gé bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ gé e. Oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹta ni ọdún ìṣúná wa tẹ́lẹ̀; ní ọdún 1980 ni wọ́n gbé e lọ sí oṣù Kìíní, oṣù mẹ́sàn-án péré sì ni ìṣúná ọdún náà kárí, kí ó lè bọ́ sójú ọ̀nà tuntun. Kroger, ilé-ìtajà oúnjẹ ńlá ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ 16 ni ìdá kìíní ọdún tirẹ̀, méjìlá-méjìlá ni àwọn yòókù. Kò sì dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù ni ọjà. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn Ìgbò ń kà sí ọ̀sẹ̀ ọjà, bí àwọn baba wa náà ṣe ń kà á; orúkọ tiwọn ni Eke, Orie, Afọ, Nkwọ. Ọjà Orie Orba, lápá Nsukka, kò mọ̀ bóyá Ajé ni tàbí Ẹtì. Bí Orie bá ti yí po, ó ná. Ká wá ní áàpù yín ń so àwọn tó ń ra oúnjẹ níbẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní ọjà Ogbete, ní Enugu. Tí ẹ bá ń fi oṣù ṣe ìwọ̀n, ọjọ́ ọjà méje lè bọ́ sínú oṣù kan, mẹ́jọ sínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá á rí i pé ọjà lọ sókè, á ní ohun tuntun tí àwọn fi sínú áàpù lóṣù tó kọjá ló ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tó ṣiṣẹ́ o. Ọjọ́ ọjà kan ló lé. Sáà ọlọ́sẹ̀ méjì tí gbogbo ayé fẹ́ràn kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mẹ́rin kò pín 14 dọ́gba: mẹ́ta bọ́ sí ọ̀kan, mẹ́rin bọ́ sí èkejì.

Ṣùgbọ́n ẹ gé e ní ọjọ́ 28. Ọ̀sẹ̀ olójọ́ méje mẹ́rin nìyẹn, ọ̀sẹ̀ ọjà méje sì ni. Gbogbo sáà á ní Orie méje gééré, bí sáà kìíní bá sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó jẹ́ Eke, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Mẹ́tàlá irú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 364. Àwọn tó ń tẹ̀ lé ìwé ìlànà Scrum, ọ̀nà ìṣètò iṣẹ́ kan, pàápàá kò ní àwáwí, nítorí ohun tí ìwé náà ní ni pé kí sprint, ìyẹn sáà iṣẹ́ kan, má kọjá oṣù kan. Jira, ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwia ìṣètò iṣẹ́ náà, á fi ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin síwájú yín kí ẹ mú, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ mú ọjọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń mú ọjọ́ sáà, ẹ má gbàgbé oṣù Kẹjọ tí àwọn obìnrin Ìgbò ń lọ sí ìpàdé ìlú wọn, tí ọdún iṣu tuntun náà sì wà nítòsí. Ẹ má sì fi òpin sáà kankan sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Lọ́jọ́ yẹn abúlé ni gbogbo èèyàn wà. Ẹ parí rẹ̀ ní àárín oṣù náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyókù jẹ́ sáà ìsinmi tó ní orúkọ tirẹ̀ nínú sọ́fítíwia.

Òmìnira láti gé sáà bó ṣe wù yín yìí ní ewu tirẹ̀. Ìwà tí mi ò fẹ́ràn rárá ni kí iṣẹ́ pẹ́, kí ọ̀gá sì yọ́ wọlé lálẹ́, kó na sáà náà síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ní àṣẹ láti yí ọjọ́ padà, tí sáà tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ kò ní yí mọ́. Ẹ rí i dájú pé sáà kan kò gun orí èkejì, pé ọjọ́ kankan kò sì jábọ́ sí àárín méjì, nítorí iṣẹ́ tó bá bọ́ sí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ lè má hàn lórí àtẹ mọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wa ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yín.

Oṣù Kẹwàá ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀, kí sáà ọdún tó ń bọ̀ lè wà nílẹ̀ kí àwọn èèyàn tó rìnrìn-àjò. Ẹ mú bébà, ẹ to iṣẹ́ ọdún tó kọjá sínú sáà tuntun náà, ẹ wò ó bóyá ibi tí iṣẹ́ ti há yín lọ́rùn á hàn kedere. Kí ẹni tó ń tajà wà níbẹ̀, kí akọ̀wé owó náà wà níbẹ̀. Òun á fẹ́ jiyàn, nítorí pé bánkì ń béèrè ìròyìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti ní ọjọ́ tó parí lára, á lè fi ọjọ́ náà kó o jọ bí bánkì ṣe fẹ́ ẹ, láìfọwọ́ kan sáà yín.