Irọ́ Ni Pé Òyìnbó Ló Gba Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Wa Là

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Bolton, ní Brampton àti káàkiri agbègbè Toronto, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ láàárín ara wa tí mo fẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí a bá kó àwọn ọmọ lọ sí Royal Ontario Museum ní Queen's Park, tí a rí iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà nínú gíláàsì, ẹnì kan á mí kanlẹ̀, á ní: "Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn òyìnbó! Ká ní ọwọ́ wa ló wà ni, iná ì bá ti jó o, tàbí kí ikán ti jẹ ẹ́." Mo ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tó kàwé dáadáa. Irọ́ ni. Ohun tó sì mú un burú ni pé àwa fúnra wa là ń fi kọ́ àwọn ọmọ wa.

Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn oníṣẹ́ idẹ Ìgùn ní ìlú Benin ti ń ṣe àwọn àwòrán idẹ tí Ọba fi ṣe ààfin lọ́ṣọ̀ọ́. Ó lé ní 300 ọdún tí wọ́n fi wà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, láìsí òyìnbó kan tó ń ṣọ́ wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1897 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú náà. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ, ààfin sì jóná nígbà tí ìlú wà lọ́wọ́ wọn. Ní Ilé-Ifẹ̀ ńkọ́? Ìbòjú bàbà tí wọ́n ń pè ní Ọbalùfọ̀n wà ní ààfin Ọọ̀ni láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún wá; ilẹ̀ ni wọ́n ti hú àwọn orí idẹ ti agboolé Wúnmọníjẹ̀ jáde ní 1938, ṣùgbọ́n ìbòjú yẹn kò wọlẹ̀ rárá, àwọn ènìyàn ló ń tọ́jú rẹ̀. A ní ibi ìpamọ́. Ààfin ni, ojúbọ ni, àgbàlá ìdílé àwọn àwòrò ni. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní oyè, iṣẹ́ náà sì ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ.

Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ní kò séwu. Bọ́ǹbù Jámánì ba ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Liverpool jẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 1941, ọ̀pọ̀ ohun ìní ilẹ̀ òkèèrè sì bá a lọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, iná run ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àpapọ̀ Brazil ní Rio de Janeiro. Lára ohun tó jóná ni ìtẹ́ Adandozan, ọba Dahomey, tó fi ránṣẹ́ sí ìdílé ọba Portugal ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 2023, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti London jẹ́wọ́ pé nǹkan bí 2,000 ohun tó wà ní ìpamọ́ òun ti sọnù, tàbí ti bàjẹ́, tàbí ti di jíjí. Ọ̀gá ibẹ̀ sì fi ipò sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó tìtorí èyí sọ pé kí wọ́n kó ẹrù ọba Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ìbàdàn kó má baà bàjẹ́.

N kò ní bo tiwa mọ́lẹ̀. Àwọn olè wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990. Ní 1973, Ọ̀gágun Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà náà, mú orí idẹ Benin kan kúrò ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èkó, ó fi ta ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ. Àwọn ènìyàn wa sì dáná sun ère baba wọn. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wọn pé kí wọ́n sun ún? Ilé ìjọsìn àwọn àjíhìnrere ni. Àwọn àjíhìnrere kan náà, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun, ló kó púpọ̀ nínú ohun ìní Áfíríkà wá sí Toronto. Ẹni tó ní kí o sọ ọ́ nù ló gbé e lọ sílé, tí a sì wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí kì í bá ṣe ìgbàlà, kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí olú-ìlú? Òfin tó dá ti Toronto sílẹ̀ jáde ní 1912, ilé náà sì ṣílẹ̀kùn ní oṣù kẹta ọdún 1914, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nà dé ibi gbogbo. Olú-ìlú Ontario fẹ́ kí ẹni tó bá wọlé mọ̀ pé ọwọ́ òun náà gùn dé ìpẹ̀kun ayé. Àlàyé tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ta ni olúwa, ta ni ìránṣẹ́.

Ẹ̀rí rẹ̀ hàn kedere ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, nígbà tí wọ́n ṣí àfihàn kan tí wọ́n pè ní "Into the Heart of Africa". Fọ́tò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ní Nàìjíríà ni wọ́n ti yà á ní nǹkan bí 1910: ìyàwó àjíhìnrere Thomas Titcombe ń kọ́ àwọn obìnrin dúdú bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ. Ará Yàgbà kò ní í béèrè ta ni Titcombe. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ńlá tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ ń jẹ́. Ilẹ̀ Yorùbá ló ti ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa. Ilẹ̀ tí obìnrin ti ń ran òwú, tó ń hun aṣọ lórí òfì, tó ń fi ẹ̀lú rẹ aṣọ, tó ń fi eérú àti òróró se ọṣẹ dúdú, ibẹ̀ ni wọ́n ní wọ́n ti ń kọ́ obìnrin bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ! Inú ń bí mi títí di òní olónìí. Àwọn tó ṣètò àfihàn náà ní ìgbéraga àwọn ará àtijọ́ ni àwọn fẹ́ tú síta. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá kò mọ ìyẹn. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n gbé lọ sílé.

Àwọn ènìyàn dúdú Toronto kò gbà. Wọ́n kóra jọ sí Coalition for the Truth About Africa, wọ́n ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọlọ́pàá sì mú lára wọn. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn tó yẹ kí àfihàn náà dé kọ̀ ọ́. Oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni ilé náà tó tọrọ àforíjì ní gbangba. Ọdún 26 ti kọjá lẹ́yìn tí àfihàn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè jẹ́ bí ohun inú rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, a ti rí i. Faransé dá ohun 26 padà fún orílẹ̀-èdè Benin, tó jẹ́ Dahomey tẹ́lẹ̀, ní 2021. Nígbà tí wọ́n pàtẹ wọn ní Cotonou ní 2022, ńṣe ni èrò ń wọ́ lọ wò wọ́n. Jámánì náà kó àwọn iṣẹ́ idẹ ìlú Benin kan wá sí Abuja ní oṣù kejìlá ọdún yẹn.

Nítorí náà, ẹ má dá àwọn ọmọ dúró sílé. Ẹ kó wọn lọ sí Queen's Park, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ léèrè níwájú wọn: ta ló mú èyí wá, ọdún wo, ọwọ́ ta ló ti gbà á, ṣé rírà ni tàbí jíjí, kí ni àwọn tó ṣe é ń pè é? Bí wọn kò bá rí ìdáhùn, ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan tó wà ní agbègbè yìí fọwọ́ sí i, kí a sì ní kí wọ́n kọ orúkọ tí a fún ohun wa sí ara rẹ̀, ní èdè wa, pẹ̀lú àmì ohùn.